Ta ló wà nínú Hoggle?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9, mo gbàdúrà kí nǹkan kan wá gbé àbúrò mi lọ. Mi ò ní kó kú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbì kan tí wọ́n á ti máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa, tí ẹkún ẹ̀ ò ní máa dé etí mi. Ọmọ yẹn lè ké! Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí n gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n dé ibi tó ga jù, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ni wọ́n á sì tún pè pé kí n wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, pé ṣebí èmi lẹ̀gbọ́n.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo wo fíìmù kan tí ọmọbìnrin kan ti dúró ti àbúrò ẹ̀ tó ń ké, tó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu, pé kí àwọn iwin wá gbé e lọ báyìí báyìí. Ẹkún dákẹ́ lójijì. Ó padà wọ yàrá, ó wo ibi tí ọmọ wà, ọmọ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo ara mi kú tipiri. Mo dìde, mo rọra lọ wo àbúrò mi níbi tó sùn sí. Ó wà níbẹ̀, ó ń fa àtàǹpàkò ẹ̀ mu. Mo padà wá jókòó, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ mí dáadáa mọ́ títí fíìmù yẹn fi parí.

Labyrinth ni. Ọdún 1986 ló jáde, Jim Henson tó ni àwọn ọmọlangidi Muppets ló darí ẹ̀, David Bowie olórin ló ṣe Jareth, ọba àwọn iwin, Jennifer Connelly ló ṣe Sarah, ọmọ ọdún 14 péré ló sì wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Ẹ yọ àwọn méjì yìí kúrò, ẹ yọ ọmọ ọwọ́ yẹn àti àwọn òbí tí a rí fírí, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ọmọlangidi ni gbogbo èyí tó kù. Ìtàn ẹ̀ ò le. Wọ́n fi Sarah sílẹ̀ nílé kó máa tọ́jú Toby, ọmọ tí ìyàwó bàbá ẹ̀ bí. Ó ń bínú sí bàbá, ó ń bínú sí ìyàwó bàbá, orí ọmọ tí ò mọ nǹkan kan ló wá da gbogbo ẹ̀ sí. Jareth gbé ọmọ lọ sí ààfin ẹ̀, ó fún Sarah ní wákàtí 13 kó fi wá ọ̀nà débẹ̀ láàárín ogiri àti ọ̀nà tó lọ́ mọ́ra wọn tí ò lórí tí ò nídìí, tí aago bá fi lù kó tó débẹ̀, Toby di iwin nìyẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì tiwa ò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló gbà á sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n, ó pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì, nítorí náà lójú tèmi, ibi tí Sarah ti ń fi ìbínú já wọ yàrá tí Toby wà ni fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ibì kan tún wà láàárín tí àwòrán ti máa ń jó, tí ìlà funfun á máa gba orí ẹ̀ kọjá, torí ibẹ̀ la máa ń yí i padà sí jù, ibi tí Jareth ti ń kọrin láàárín àwọn iwin tó sì ju ọmọ sókè. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ jẹ ọ̀já ẹ̀, a fi ọwọ́ fà á jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omijé, a fi ìka yí i padà sínú, ó tún ṣiṣẹ́, ibi tó ká kàn di ibi kejì tí àwòrán ti ń jó ni.

Mo ti lé lọ́mọ 30 ọdún dáadáa kí n tó rí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Hà. Kí Sarah tó bá Toby jà, kámẹ́rà rọra yí yàrá ẹ̀ po, ẹ sì máa rí i pé gbogbo àwọn tó máa bá pàdé lọ́nà ló wà níbẹ̀. Ludo, ẹranko ńlá oníwo tó máa di ọ̀rẹ́ ẹ̀, wà níbẹ̀, ọmọlangidi onírun ni, ó jókòó sórí pẹpẹ. Sir Didymus, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré tó ń jagun, wà níbẹ̀. Ojú Hoggle, arúgbó kúkurú tó máa mú un lọ́nà, wà lára nǹkan tó fi ń gbé ìwé dúró. Àwòrán àtẹ̀gùn tí ayàwòrán Escher yà, èyí tí àwọn èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ àti lábẹ́ ẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, irú àtẹ̀gùn yẹn náà ló sì máa bá Jareth jà lórí ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àpótí orin kékeré tí ọmọlangidi inú ẹ̀ wọ irú aṣọ tí Sarah máa wọ̀ lọ síbi ijó. Àní àwòrán ìyá ẹ̀ tó jẹ́ òṣèré wà níbẹ̀ tòun ti ọkùnrin kan, ojú ọkùnrin náà, ojú Bowie ni! Èmi tí mo ti wo fíìmù yìí ju iye tí mo lè kà lọ, mi ò mọ̀ pé inú yàrá ọmọ yẹn ni gbogbo ìrìn àjò náà ti jáde wá. Mo dá a dúró, mo pe àbúrò mi lórí fóònù lóru, ó ní ṣé mo mọ aago tó ń lù ni.

Àbúrò mi kan náà yẹn ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí. Àkọ́bí ẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8, èyí tó tẹ̀ lé e ò tíì pé ọdún kan, òun náà sì lè ké, ẹ̀jẹ̀ ò kúkú parọ́. Wọ́n wá sọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá, mo wá ní jẹ́ kí n fi fíìmù ayé wa han èyí àgbà. Ọkàn mi ò balẹ̀ o. Gbogbo nǹkan táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wò ló ń dán, dírágónì tí ẹ lè ka ìpẹ́ ara ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa rí rọ́bà, ó máa ní rọ́bà ni, ó máa ní kí n fún òun ní fóònù òun.

Òwìwí funfun tó ń fò kiri níbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé géèmù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù yẹn, òwìwí yẹn ló jẹ́ nǹkan tuntun jù ní 1986. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, ó wà lára ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹranko tó jọ ti gidi nínú fíìmù. Ohun ìyanu ni nígbà yẹn. Àwọn ọmọlangidi ni iṣẹ́ àtijọ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti fóòmù àti gúlúù. Òwìwí yẹn ló wá gbó jù lónìí, òun nìkan ni ẹ máa wò tẹ́ ẹ máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Hoggle wá dé. Bó ṣe kọ́kọ́ yọ, ṣe ló kọ ẹ̀yìn sí wa tó ń tọ̀ sínú adágún omi, ọmọ yẹn fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà Hoggle yí ojú padà. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọmọ yẹn dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi láyà. Tó bá rí dírágónì, kì í béèrè ta ló wà nínú ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé èèyàn wà nínú Hoggle, ó kàn wo bí ejìká ẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò tó bá rìn ni, bó ṣe ń mí, ó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ẹni tó wà níbẹ̀ ni obìnrin kúkurú kan tó ń jẹ́ Shari Weiser. Òun ló ń rìn, òun ló ń sáré, òun ló ń fi ọwọ́ mú nǹkan. Ojú ọ̀hún wá jẹ́ ọ̀tọ̀. Nǹkan bí ẹ̀rọ kéékèèké 18 tó ń yí ló wà nínú orí Hoggle, èyí ń gbé ìpéǹpéjú, èyí ń fa ètè, èyí ń ká iwájú orí, èèyàn mẹ́rin míì ló sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí wọn. Brian Henson, ọmọ Jim, ni aṣáájú wọn, òun náà ló ni ohùn Hoggle. Èèyàn márùn-ún nìyẹn fún arúgbó kékeré kan tó ń ráhùn! Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sí nínú ara, ẹni tó wà nínú ara ò ní ìkáwọ́ lórí ojú, ó sì ní láti jẹ́ pé nígbà tí ojú bá bínú, ọwọ́ náà á bínú pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí màlúù tó wà nínú àjàgà tó rìn déédéé, ó ń gba ọjọ́, kí èèyàn márùn-ún tó di ẹyọ kan ńkọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa tẹ́ ẹ bá tún un wò ni ibi ẹ̀gbà ọwọ́. Sarah fẹ́ kí Hoggle mú òun lọ, Hoggle ò gbà, Sarah wá bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀ tó gbé e síwájú ẹ̀. Ike lásán ni. Hoggle sì fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́, ibi tí agbára ẹ̀ ti tán nìyẹn. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi ẹ̀gbà, ó yí kúrò, bíi ti ẹni tó ní kí wọ́n má rí òun, ó tún padà síbẹ̀. Ìka ẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn kí ẹnu ẹ̀ tó gbà. Gbogbo ẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó ń bú gbàǹgbà, kò sí idà, ọkùnrin kan kàn ń tan ara ẹ̀ jẹ nítorí ike ni, mo sì mọ èèyàn gidi bíi mẹ́ta tó ń ṣe ojú báyẹn gẹ́lẹ́ (ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n). Ẹ̀rọ kéékèèké 18 ló ṣe ìyẹn.

Ẹ wá wo Connelly. Ọmọ ọdún 14, nǹkan gidi ló ń wò! Ó tẹ orí ba torí pé Hoggle kúrú, ọwọ́ ẹ̀ kan awọ ẹ̀. Nígbà tó bá dì mọ́ Ludo, irun Ludo á bo ojú ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ní láti fi ọwọ́ yọ ọ́ kúrò. Mo ti rí àwọn àgbà òṣèré nínú fíìmù ńláńlá òde òní tí wọ́n ń bá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sọ̀rọ̀ tí wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà fi ẹranko sí ipò ẹ̀ tó bá yá, ojú wọn kì í dúró síbi tó yẹ, ó máa ń kọjá díẹ̀ tàbí kó kù díẹ̀, ọpọlọ wa kì í sọ fún wa, àmọ́ ó ń rí i.

Ludo yẹn náà ní ìtàn. Aṣọ ẹ̀ kọ́kọ́ wúwo ju kílò 45 lọ, wọ́n dín in kù títí ó fi wá sí bíi kílò 34, síbẹ̀ èèyàn méjì ló ń pààrọ̀ ara wọn nínú ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó lè dá gbé e látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ kì í ríta. Kámẹ́rà kékeré kan ló wà lára ìwo Ludo, tẹlifíṣọ̀n kékeré sì wà nínú ikùn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló ń wò tó bá ń rìn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni Ron Mueck, ó padà di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà lágbàáyé, òun ló ń ṣe ère èèyàn ńláńlá yẹn tí ẹ ti máa rí irun apá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi o, inú Ludo ló ti kọ́ ọ, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn pè mí lẹ́jọ́.

Àti bọ́ọ̀lù gíláàsì tí Jareth máa ń yí lórí ìka, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ọwọ́ Bowie kọ́ ni! Michael Moschen ló lúgọ sẹ́yìn ẹ̀, ó ti ọwọ́ tiẹ̀ bọ inú aṣọ níbi tó yẹ kí ọwọ́ Bowie wà, kò sì rí nǹkan kan tó ń ṣe, ó kàn ń fi ọwọ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ yẹn, ó ní kí n dá fíìmù dúró, ó lọ lúgọ sẹ́yìn ìyá ẹ̀ tó ń gbé ọmọ jó, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹ̀, wọ́n fẹ́ẹ̀ da omi sórí àga mi.

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa. Àwọn abàmì aláwọ̀ pupa tí ń yọ orí ara wọn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú igbó yẹn, orin yẹn gùn jù, ẹ sì máa rí etí ibi tí wọ́n ti gé wọn lẹ̀ mọ́ igbó, ó hàn ketekete. Ọmọ yẹn ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Sarah náà máa ń ráhùn kọjá ààlà, gbogbo ìgbà ṣáá ni "kò tọ́, kò tọ́," àfìgbà tí Jareth bi í pé kí ló fi ń wọ̀n ọ́n gan-an. Ní ti ṣòkòtò Jareth, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọdé wà níbí.

Henson ti ṣe fíìmù ọmọlangidi míì kó tó ṣe èyí, òun àti Frank Oz ló darí The Dark Crystal ní 1982, iṣẹ́ ọwọ́ inú ẹ̀ pọ̀ ju ti èyí lọ gan-an. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ kò rí mi mú báyìí. Kò sí èèyàn kankan tí ojú ẹ̀ hàn níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ojú ẹlẹ́ran ara tó máa wo ọmọlangidi kó gbà á gbọ́ kí èmi náà tó gbà á gbọ́. Sarah ló ń ṣe ìyẹn fún wa. Ó ń bínú sí Hoggle, àwa náà ń bínú sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tó jáde, àwọn èèyàn ò lọ wò ó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná sórí ẹ̀, owó tó pa nílé sinimá ní Amẹ́ríkà ò tó mílíọ̀nù 13. Ó dun Henson wọra. Kò darí fíìmù ńlá míì mọ́, ó sì kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1990, ọmọ ọdún 53. Kásẹ́ẹ̀tì ló gba fíìmù náà là, àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀ nílé tí wọ́n ń yí ibì kan náà padà títí àwòrán fi ń jó. Nígbà tí Bowie náà kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, àwọn tó gbọ́ orin ẹ̀ ń sunkún orin, èmi ń sunkún ọba iwin. Toby, ọmọ ọwọ́ yẹn, Toby náà lorúkọ ẹ̀ lójú ayé, ọmọ Brian Froud ni, ayàwòrán tó fojú inú rí gbogbo àwọn iwin wọ̀nyẹn. Ó dàgbà, ó di ẹni tó ń ṣe ọmọlangidi, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí Age of Resistance, eré alápá púpọ̀ tó jáde ní 2019, èyí tó wá láti inú The Dark Crystal. Àwọn iwin ò dá a padà pátápátá.

Hoggle fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn sọnù lọ́nà, ó rin ìrìn ẹrù tí ò lólúwa títí ó fi já sí Scottsboro ní Alabama, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù táwọn èrò ọkọ̀ òfuurufú ò wá gbà. Fóòmù ojú ẹ̀ ti ń jẹrà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ fáwọn èèyàn láti máa wò. Ó bá Hoggle mu, ẹni tó fẹ́ràn ẹrù ẹlẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibì kan wà tí mo máa ń yí kọjá. Ìyá arúgbó tó ń gbé gbogbo nǹkan tó ti kó jọ sẹ́yìn. Ó mú Sarah wọ yàrá kan tó jọ yàrá ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ń mú nǹkan lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, béárì ẹ nìyí, àpótí pẹ́ńsù ẹ nìyí, ṣebí o fẹ́ràn èyí, ó ń tò ó sí i lẹ́yìn, ẹrù ń ga, ohùn ìyá yẹn sì dùn bí oyin. Sú ni ó ń sú mi nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀. Mo ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ wò ó, mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi wò ó, ọ̀já ẹ̀ ti ká, mo ti kó kúrò nílé ìgbà mẹ́rin, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì dì í mọ́ra pẹ̀lú àwọn nǹkan tí mi ò lè dárúkọ fún yín níbí.

Ó ku díẹ̀ kó parí, Sarah ti rántí ọ̀rọ̀ tó ti ń gbàgbé látìbẹ̀rẹ̀, ó sọ fún Jareth pé kò lágbára lórí òun, Toby ti padà sórí ibùsùn ẹ̀. Ọmọ yẹn ò yí ojú kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wo Sarah bó ṣe fi béárì ẹ̀ sílẹ̀ fún Toby. Ó wá yíjú sí ibi tí àbúrò tiẹ̀ sùn sí lórí àyà ìyá ẹ̀, ó tún yíjú sí mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀ sí mọ́mì mi rí? Pé kí wọ́n wá gbé wọn lọ?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Rárá o, mi ò sọ nǹkan kan."

Àbúrò mi ò ṣíjú. Mo rò pé ó ti sùn lọ. "Wọ́n sọ ọ́," ló wí. "Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà. Mo gbọ́."